Omi Tí Wọn Ò Kà Sómi

Ọjọ́ tí ibà dá Shalendra wólẹ̀ ni jìnnìjìnnì bò mí. Kì í ṣe pé ará ilé mi ni. Yàrá àyẹ̀wò kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Suva, olú ìlú wa, iṣẹ́ wa ni ká wá ibi tí àrùn inú omi àti inú oúnjẹ ti ṣẹ̀ wá. Àwa méjèèjì la jọ lọ sí Vatulutu, abúlé bàbá mi lókè odò, nígbà tí ibà taifọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn níbẹ̀. Ohun tó já mi láyà ni pé bí gbogbo ayé bá máa kó àrùn ní Vatulutu, kò yẹ kó kan Shalendra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Shalendra kì í jẹun níta. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní róótì àti ọbẹ̀ ọ̀dùnkún tí ìyàwó rẹ̀ sè, omi inú ike tó rà ní Suva, títí kan ọṣẹ ìfọwọ́, inú àpò kan ló di gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn obìnrin abúlé gbé kókò àti ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè síwájú wa, ṣe ló fọwọ́ pa ikùn, ó ní inú òun kò dáa.

"Vasiti, níbo lo ti rí eléyìí?" ni ìyàwó àbúrò bàbá mi bi mí. "Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Ìyàwó ẹ̀ ló dè é lẹ́nu mọ́lẹ̀."

"Ìyàwó yẹn gbayì o! Kó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dè é, torí ọkọ tèmi ń jẹun nílé mẹ́ta kó tó délé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nítorí ilẹ̀ sàréè Kitione ṣì tutù. Kitione ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bí kó tó kú. Bàbá mi ló tọ́ ọ, inú ilé kan náà lèmi àti ẹ̀ ti dàgbà. Ó fi agídí gbé ibà náà kiri, ó ní ọkùnrin kì í tìtorí orí fífọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi fi máa gbé e dé ìsàlẹ̀ odò, ìfun rẹ̀ ti lu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan tún tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣàìsàn.

Ìbéèrè kan náà la bi wọ́n láti ilé dé ilé: irú omi wo lẹ̀ ń mu? Gbogbo wọn ló ní omi tí àwọn ti sè ni. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjì ńlá ti jà kẹ́yìn, èmi náà sì fojú ara mi rí ìkòkò lórí iná. Kò sẹ́ni tó parọ́. A bu omi òjò inú táǹkì, a bu omi ẹ̀rọ, a bu ti odò, kódà a bu omi inú kẹ́tùlù. Nígbà tí a dé Suva, a ta wọ́n sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀, a tì wọ́n sínú àpótí tó ń móoru. Kòkòrò tí à ń wá kò hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó hù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, nígbà tí a sì yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní, ìran kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń jáde, a ò kàn mọ ibẹ̀ ni.

Nígbà tí à ń kúrò ní abúlé, bàbá mi sìn wá dé etí omi. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ọmọ mi," ló wí. "Ẹ wá a dáadáa."

Emosi lorúkọ bàbá mi. Òun ni agbẹnusọ Baálẹ̀ Vatulutu, òun nìkan ló kù mí kù lóbìí. Ibà kan ti pa ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní kékeré, ibà náà mú òun náà àmọ́ ó yè é, láti ìgbà náà ni kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Ara rẹ̀ le bí òkúta. Síbẹ̀, láti ìgbà tí Kitione ti kú, bí fóònù mi bá ti dún báyìí, àyà mi á já, màá rò pé òun ló kàn.

Nígbà tó wá kan Shalendra, èmi fúnra mi ni mo ṣí abọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹyọ dúdú tó ń dán, bí kòkòrò ibà yẹn ṣe máa ń hù, ló kún inú rẹ̀. Ìran kan náà ni pẹ̀lú ti Vatulutu. Mo sáré lọ bá a nílé ìwòsàn.

"Shalendra, kí lo jẹ ní abúlé wa?"

"O ò ní ojú ni? Ṣebí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán."

"Kí lo mu?"

"Omi mi ni."

"Rò ó dáadáa, jọ̀ọ́."

Ó pajú dé. "Àfi igbá àgbọn kan," ló wí. "Yangona tí wọ́n fi kí wa káàbọ̀. Ìwọ lo ń fi ìgbúnwọ́ gún mi pé n ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́."

Òótọ́ ni. Kò sí àlejò tó lè wọ Vatulutu láìgbé gbòǹgbò yangona wá fún Baálẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú ọpọ́n ńlá, Baálẹ̀ á mu, agbẹnusọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló máa kan àlejò. Àlejò á pàtẹ́wọ́, á ní "Bula!", á sì dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń se omi yangona. Ẹni tó bá sè é ti sọ ọ́ di ọbẹ̀ nìyẹn, ó sì ti tàbùkù Baálẹ̀. Inú táǹkì kọ́ sì ni wọ́n ti ń bu omi rẹ̀. Inú igbó, lókè abúlé, ni wọ́n ti ń bù ú, ní ojú ìsun kan tó ní kòtò òkúta, Ìsun Àgbà là ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi pòǹgbẹ, wọn kì í fi sebẹ̀, wọn kì í fi fọṣọ. Yangona nìkan ló wà fún, ọkùnrin ló sì ń mu ún jù. Nítorí náà nígbà tí a bi wọ́n léèrè omi tí wọ́n ń mu, kò sí ẹni tí Ìsun Àgbà wá sí lọ́kàn. Èmi ọmọ bíbí ibẹ̀, èmi onímọ̀ kòkòrò, èmi náà ò kà á sómi. Igbá méjì ni mo sì mu.

Ẹ̀rù ara mi bà mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bàbá mi ló pọ̀ jù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí wọ́n wọ̀ nítorí ìyàwó Baálẹ̀ tó ti ṣaláìsí. Gbogbo abúlé etí odò ló ń bọ̀, yangona á sì ṣàn bí òjò. Bí Baálẹ̀ bá ti mu tán, bàbá mi ló kàn. Mo pè é títí, fóònù kò wọlé. Ọ̀gá wa, Màdáámù Losalini, fún mi ní ọkọ̀.

"A ò ní ẹ̀rí o, Vasiti," ló wí. "Orí ìbùsùn aláìsàn kan lo ti gbọ́ gbogbo èyí. Bu omi náà wá."

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú omi. Mi ò mọ̀ bóyá oòrùn ni tàbí ohun tó pa Kitione. Ọwọ́ mi kò kúrò lọ́rùn mi, mò ń wò ó bóyá ó ń gbóná.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn abúlé, wọ́n ti ń po yangona. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ obìnrin tó ti ìrìn àjò dé. Mo wólẹ̀, mo ń rá kòrò lẹ́bàá ògiri títí mo fi dé ẹ̀yìn bàbá mi. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọmọ Emosi kọ́ nìyẹn? Ṣé orí ẹ̀ pé báyìí?"

"Bàámi, ẹ má mu ún."

Kò yíjú. "Jókòó jẹ́ẹ́."

"Inú Ìsun Àgbà ni ibà yẹn wà. Òun ló pa Kitione."

Mo rí i tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ le. "Ṣé ẹ ti rí i nínú omi náà?"

"A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

"O ò mọ̀ nìyẹn."

"N ò mọ̀, Bàámi. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, n ò ní ẹlòmíì mọ́."

Agbégbá ti bu yangona, ó ti ń gbé e lọ síwájú Baálẹ̀. Bàbá mi fi orúnkún rìn kọjá ọpọ́n, ohun tí ẹnì kan kò ṣe rí lójú mi, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹnu igbá náà.

"Ẹ dárí jì mí, olúwa mi. Ẹnikẹ́ni ò ní mu ún lónìí. Ọmọ mi ní ikú wà nínú ẹ̀."

Gbọ̀ngàn dàrú. Àbúrò Baálẹ̀ fò dìde. "Emosi! Ọmọbìnrin ló wá ń pàṣẹ fún ọ? Lójú gbogbo àlejò yìí?"

"Ọmọ mi ni," bàbá mi fèsì. "Tó bá jẹ́ irọ́ ló pa, èmi ni kẹ́ ẹ lé kúrò nílùú."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí ojú ìsun. Igbó kìjikìji ni, kò sí ilé, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ṣáláńgá lókè rẹ̀. Kí n tó ṣí ìgò mi, bàbá mi ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó ń kó ewé kúrò nínú kòtò òkúta náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ìdílé wa ló ni iṣẹ́ yẹn, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Bàámi, ẹ yọwọ́! Ẹ fẹ́ kó pa yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò rí mi pa."

Ní Suva, kòkòrò náà hù nínú omi tí mo bù. Nígbà tí mo rí àwọn ẹyọ dúdú náà nínú abọ́, mo fò sókè fún ayọ̀, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà, torí èèyàn ti kú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lé bàbá mi mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oòrùn ló fọ́ mi lórí, oòrùn àti ìpayà. Mo sun oorun àsùnwọra.

Màdáámù Losalini kò sùn ní tiẹ̀. "Báwo ló ṣe dénú ìsun?" ló bi mí. "O ní kò sí ẹran ọ̀sìn, kò sí ṣáláńgá. Ta ló ń fọwọ́ kan omi náà?"

Mo sọ fún un pé bàbá mi nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì abúlé fi ìgbẹ́ bàbá mi ránṣẹ́. Mo ní èmi ni mo máa ta á sínú abọ́, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Nígbà tí mo ṣí àpótí náà, mo kọ́kọ́ pajú dé. Nígbà tí mo lajú, abọ́ náà ti dúdú láti etí dé etí, ó ń dán. Àwọn kan wà tí ibà náà máa ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ á fara pamọ́ sínú àpò òróòro wọn. Á máa gbébẹ̀ títí wọn á fi darúgbó, kò ní pa wọ́n lára, á sì máa bá ìgbẹ́ jáde, ọwọ́ tí wọn ò fọ dáadáa á sì gbé e dénú omi. Ibà tó pa àbúrò bàbá mi kò kúrò lára rẹ̀ rí.

"Oògùn wà fún un," ni Màdáámù Losalini wí lẹ́yìn mi. "Tó bá fara balẹ̀ lò ó, ó lè tán lára ẹ̀."

Fóònù mi dún. Àyà mi já. Bàbá mi ni, ó ti gun òkè lọ síbi tí fóònù ti ń mú.

"Vasiti! Wọ́n ti dá mi láre o! Baálẹ̀ fúnra ẹ̀ ló wá kí mi nílé, wọ́n ti dí Ìsun Àgbà pa." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ ń dùn. "Nọ́ọ̀sì ní ẹ ti ń wá ẹni tó ba omi náà jẹ́. Ṣé ẹ ti rí i? Má fi orúkọ ẹ̀ pa mọ́ fún mi o. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó pa Kitione mi."

Abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀.

"Bàámi," mo ní, "ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."