Ìyẹ̀fun Tó Ń Sọ Àgbà Dọmọge

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyáàfin Fẹ́yìsetán fi kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní Adó kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá ra ìyẹ̀fun olówó gọbọi kan ní Fájuyì. Wọ́n ní púrótéènì inú rẹ̀ yóò na ojú tó ti hun jọ.

Dásọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, bá a níbi tó ti ń pò ó. "Mà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí ìlẹ̀kẹ̀ ni púrótéènì, pé ikùn á tú u ní ẹyọ ẹyọ, ara á sì tún un sín bó ṣe wù ú? Pọ̀nmọ́ kúkú ní irú rẹ̀."

Ìyáàfin wo dígí, ó mí kanlẹ̀.

"Ti ìdánwò nìyẹn." Ó mu ún tán.

Kí Dásọ́lá tó lọ, ó rọra béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á.