Ó Tojú Sú Mi

Lọ́dún 1988, àrùn ẹ̀gbà kọlu ìyá Kareem ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kareem fúnra rẹ̀ wà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń ta àlùbọ́sà. Raliat ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ ìyá, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Mubaraq ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, aṣọ oníbàárà tó yẹ kó rán sì wà nílẹ̀.

Nígbà tí ìyá kò lè gbé ẹ̀kọ mì dáadáa mọ́, ẹ̀rù ba Raliat. Ó ké sí Safurat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéú, tó máa ń ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bá mi sọ fún Bàbá Mubaraq pé ọ̀rọ̀ ìyá ti tojú sú mi. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe mọ́. Kí wọ́n jọ̀ọ́ wá."

Kareem wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kí ìyàwó rẹ̀. Ó ń gbé ìyá lọ sínú ọkọ̀.

"Bàbá Mubaraq, ibo lẹ ń gbé wọn lọ?"

"Ṣebí ìwọ lo ránṣẹ́ pé ìyá mi ti sú ọ."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó tojú sú mi. Tí wọ́n bá sú mi, mi ò ní ní kí ẹ wá ràn mí lọ́wọ́."

"Safurat ò ní purọ́ mọ́ ọ," ni Kareem wí, ó sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, Raliat pọn ọmọ, ó wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Safurat ló bá nídìí ààrò nílé Kareem.

"Safurat, kí lo sọ fún ọkọ mi?"

"Ṣé kì í ṣe sú náà ni?" Safurat ò gbójú sókè. "Wọ́n ti so yìgì wa."

Raliat fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ yàrá tọ ìyá lọ. Ìyá ti rù. Wọ́n fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n ń sunkún. Ó wẹ̀ wọ́n, ó fi ṣíbí fún wọn lẹ́kọ díẹ̀díẹ̀.

Kareem bá a níbẹ̀. "Má bínú, Raliat. Jẹ́ ká jọ máa gbé. Ìyá ò gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn wọ́n."

"Safurat ló yí ọ̀rọ̀ mi padà," ni Raliat dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí, tí ẹ ò sì bi mí."

Kò padà sílé ọkọ. Ó ń lọ wo ìyá lọ́jọọjọ́ Jímọ̀ títí wọ́n fi kú, kò sì mu omi nínú ilé náà rí.