Ẹ̀jẹ̀ Bàrákàt Kì í Ṣe Síléètì

Rasheedat kì í pariwo. Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìrémọ ló sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Òun àti Abdulwaheed, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, inú rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ tí kò rí omorogùn.

Bàrákàt, ọmọ Àlàájì Lágúnjú, ló wá gba ìwé jẹnotáìpù tí Alfa ní kó mú wá kí wọ́n tó so yìgì òun àti Mùhámmẹ́d ní Sátidé.

“Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́hun mà tóbi. AS ni wọ́n pè mí nígbà tí mo wọ yunifásítì, Mùhámmẹ́d náà sì jẹ́ AS. Ẹ wá wò ó, AA ni mo jẹ́.”

Rasheedat ní kó jókòó. Ó mọ̀ pé bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ wọn lè gbé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wáyé. Ó wo àkọsílẹ̀ ìyípadà. Láàbù kọ AS lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, AS di AA láti orí tábìlì Abdulwaheed.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Rasheedat ti dí ihò tí irú èyí lè gbà wọlé tipẹ́. Nínú ètò náà, àdéhùn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní íńtáféèsì. Òun ló ń sọ ohun tí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lè ṣe sí àkọsílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ní get fún kíkà, ó tún ní set fún kíkọ, torí èèyàn a máa pààrọ̀ fóònù. Jẹnotáìpù, get nìkan ló fún un. Wò ó, má fọwọ́ kàn án. Láàbù tó rí ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń kọ ọ́. Ó ṣí àdéhùn náà báyìí, ó bá set tí kò fi síbẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò níbi wọ̀.

“Abdulwaheed, ta ló fi set sí jẹnotáìpù?”

“Èmi ni. Àlàájì ní láàbù ṣì í ṣe. Ẹni àádọ́rin ọdún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Kí n dúró máa wò wọ́n?”

“Bí láàbù bá ṣì í ṣe, láàbù ló ń tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Àbí ìwọ lo rọ ẹ̀jẹ̀ sí i lára?”

“Mo ní tí ìgbéyàwó bá ti parí, màá dá a padà.”

“Ọmọ tí eegun bá ń ro ńkọ́? Wàá bá wọn dá ìyẹn náà padà?”

Rasheedat pa set náà rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fariga, ó fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tí Abdulwaheed ti ń kọ̀wé sí ohun tí kò tọ́ sí i. Rasheedat pa ibẹ̀ náà rẹ́, ó sì ní kí láàbù tún AS tí wọ́n rí kọ síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Àlàájì, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọlé.

“Ìwọ ọmọ yìí, mo ti pe ará Ẹdẹ, mo ti pe ará Ìwó. Màlúù tí mo rà ní Sábó ti wà lórí ìso. Ìwọ lo fẹ́ dójú tì mí?”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọ́. Rasheedat kúnlẹ̀.

“Mo kúnlẹ̀ fún yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n n ò ní kọ AA.”

Bàrákàt ti dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá, ẹ mọ̀?”

“Ojú ayé ni mo rò, ìyá mi.”

“Ojú ayé ni ẹ rò. Èmi ni màá gbé ọmọ náà pọ̀n.” Ó yíjú sí Rasheedat. “Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mùhámmẹ́d ni màá kọ́kọ́ fi hàn. Bí a bá máa tú u ká, àwa méjèèjì la máa tú u ká, kì í ṣe pé kí wọ́n fi irọ́ so wá.”

Ó gba ìwé náà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Kò dúró de mọ́tò bàbá rẹ̀.