Oko Tí Bàálù Balẹ̀ Sí

Nígbà tí atẹ́gùn gbé fìlà Fàtáì lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ wà lókè, níbi tí ìkùukùu dúdú kan ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí àwọn òkè ńlá apá ìwọ̀-oòrùn. Idiat, ìyàwó rẹ̀, ló sáré mú fìlà náà lára wáyà ọgbà, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Islamiyat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó bíi tàwọn èèyàn yòókù."

"Àwọn èèyàn yòókù ò ní ọmọ lójú sánmà," ni Fàtáì dá a lóhùn.

Pápá koríko ńlá kan lẹ́yìn ìlú Cochrane ni wọ́n wà. Láyé ìgbà tí fífi bàálù sọdá òkun ṣì dà bí ẹni ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́, ọkùnrin kan fi bàálù kékeré kan gba orí òkun Pacific kọjá wá sí ilẹ̀ Canada. Kì í ṣe pápá yìí ló ń bọ̀. Ìkùukùu ló bo etíkun mọ́lẹ̀ tí kò rí ibi tó máa balẹ̀, ó sì ń fò lọ títí ó fi kọjá àwọn òkè, epo ń tán lọ lórí rẹ̀, kó tó rí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọdọọdún ni àwọn ará àdúgbò ń ṣe ìrántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí yàtọ̀. Wọ́n ti gbé òkúta ìrántí tuntun kalẹ̀, wọ́n ti ta àtíbàbà funfun, wọ́n sì ti gé koríko lójú ibi tí bàálù àkọ́kọ́ ti balẹ̀. Bàálù kékeré mìíràn ni yóò ti ìtòsí Calgary wá balẹ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án yìí, awakọ̀ rẹ̀ yóò sì fi òdòdó sí ẹsẹ̀ òkúta náà.

Islamiyat ni awakọ̀ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí Fàtáì àti Idiat bí. Ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ ní wíwa bàálù ló yàn án. Òun nìkan ló wà nínú bàálù náà.

Fàtáì kì í ṣe ojo. School bus ló ń wà ní Calgary, ó sì ti gbé ọmọ ọlọ́mọ délé láyọ̀ lórí snow, lórí títì tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Bàálù nìkan lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, bàálù tí Mùhámmẹ́d, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ̀ já sínú oko ẹ̀gẹ́ kan. Fàtáì wà lára àwọn ẹbí tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè dá èèyàn wọn mọ̀. Ohun tó rí láàárín àwọn ẹ̀gẹ́ tó jóná yẹn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Idiat. Gbogbo ohun tí Idiat mọ̀ ni pé ọkọ òun kì í lè dúró níbi tí epo bá ti ń rùn, àti pé ní ọdún tó fẹ́ wá bá òun àti ọmọ ní Canada, oògùn oorun ló gbé mì ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí òkú nígbà tó gúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà kò tíì padà sílé. Idiat ti lọ, ó ti bọ̀. Islamiyat náà ti lọ. Ìyá Fàtáì ṣì wà láyé ní Ìwó, a sì máa pè é lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bi í: ìgbà wo lò ń bọ̀? Fàtáì á ní ibi iṣẹ́ kò tíì fún òun láàyè. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ojú ìyá náà ti ń ṣú. Ó ti sọ fún un pé bó bá dé báyìí, ọwọ́ lòun máa fi mọ ojú ọmọ òun.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Islamiyat wá bá pé wíwa bàálù lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Fàtáì bẹ̀ ẹ́. Ó bínú sí i. Ó rán àwọn àgbà mọ́sáláṣí sí i. Ọmọ náà gbọ́ ohun gbogbo tán, ó ní, "Daddy, I'm doing it. Àdúà yín nìkan ni mo nílò." Bí Fàtáì ṣe di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run nígbà gbogbo nìyẹn.

Obìnrin tó ń darí ètò mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní bàálù ti gbéra, kò ní pẹ́ dé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ní àwọn ti yẹ ojú ọjọ́ wò láàárọ̀, ìjì kankan kò yẹ kó dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá fẹ́ yọ àwọn lẹ́nu, kí gbogbo èèyàn wọ inú abà tó wà létí pápá. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ìkùukùu fi bo oòrùn. Ilẹ̀ tutù lójijì. Àwọn màlúù tó ń jẹko lókèèrè fi ẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n dúró gbagidi.

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sórí àtíbàbà. Òmíràn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọ̀run ya. Yìnyín tó tó ẹyin àparò ń já lu orí, ó ń já lu èjìká, àwọn èèyàn ń sá, ìjókòó ń dà nù. Gíláàsì mọ́tò kan fọ́. Fàtáì dúró sójú kan, ó ń wo ibi tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ gbà yọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀ láìmọ̀. Idiat ni ó fà á lápá wọ inú abà.

Páànù ni òrùlé abà náà. Ariwo tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Fàtáì pe fóònù Islamiyat, kò lọ. Ó tún pè é. Idiat ti jókòó sórí koríko gbígbẹ tí wọ́n dì jọ, ó ń ka tẹ̀súbáà, ojú rẹ̀ ní dídì. Ẹ̀yìn wọn ni katakátá oko wà, epo ń jò lábẹ́ rẹ̀. Òórùn náà dé imú Fàtáì. Ó rí oko ẹ̀gẹ́ náà. Ó rí ọwọ́ Mùhámmẹ́d. Ó fi ara gbá àwọn èèyàn kọjá, ó bọ́ síta, ó fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ etí òrùlé, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

Titus, ọkùnrin arúgbó tó ni pápá àti abà náà, ló tọ̀ ọ́ wá. Òyìnbó ni, ó ga, ó ti ń tẹ̀ díẹ̀. Ó nawọ́ áńkáṣíìfù sí i fún ẹ̀jẹ̀ iwájú orí rẹ̀. Kò sọ pé kò séwu. Ó béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń wa bàálù náà, Fàtáì sì mi orí. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo bí pápá ṣe ń funfun.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọkùnrin náà nawọ́ sí ibi tí òkúta ìrántí wà. Ó ní ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé akọni tí kò mọ ẹ̀rù ló balẹ̀ síbí.

"Irọ́ ni wọ́n kọ," ni Titus wí ní èdè tirẹ̀. "Ọmọdé ni bàbá mi nígbà yẹn, ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, gbígbé ni wọ́n gbé e. Ìyá bàbá mi bu tíì fún un, kò lè mú ife dání, ṣe ni wọ́n gbé e sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ó sọ fún wọn pé látìgbà tí òun ò ti rí ilẹ̀ mọ́ lẹ̀rù ti ń ba òun. Ó ní ká ní ẹ̀rù ò ba òun ni, oorun ì bá ti gbé òun lọ sínú omi."

Fàtáì fi áńkáṣíìfù náà tẹ iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ nínú rẹ̀ bí omi gbígbóná.

"Ṣé ó tún wọ bàálù lẹ́yìn ìyẹn?" ló béèrè.

"Kò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lọ sílé." Titus nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó lọ sílé."

Yìnyín dá bó ṣe bẹ̀rẹ̀, lójijì. Oòrùn yọ, èéfín funfun sì ń rú lórí pápá. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n ń rìn lórí yìnyín bí ẹni ń rìn lórí èkùrọ́. Obìnrin tó ń darí ètò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ìyẹn gan-an ló ba Fàtáì lẹ́rù jù. Wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lókèèrè, gbogbo orí gbé sókè. Mọ́tò akẹ́rù kan ló ń kọjá lójú títì. Idiat di apá ọkọ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí fóònù Fàtáì dún, nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó wò ó bí ẹni wo ejò. Ó rántí bí wọ́n ṣe pe ilé wọn nígbà ti Mùhámmẹ́d. Idiat ló na ìka, ó tẹ̀ ẹ́ fún un.

"Daddy? Èmi ni. I'm okay. Mo ti balẹ̀."

Fàtáì na fóònù sí Idiat, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí yìnyín, nínú agbádá funfun tó wọ̀ wá síbi ayẹyẹ.

Idiat gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un. Islamiyat ti rí ìkùukùu náà níwájú, ó sì ti yí padà. Atẹ́gùn gbá a lọ sí apá àríwá, kò lè padà síbi tó ti gbéra. Ó balẹ̀ sójú ọ̀nà oníyanrìn kan nínú oko ní ìhà Airdrie. Fóònù rẹ̀ bọ́, ó fọ́. Ti ẹni tó ni oko ibẹ̀ ló yá.

Wọ́n wakọ̀ lọ bá a. Idiat ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Fàtáì, òun ló wà á. Nígbà tí wọ́n dé, bàálù kékeré náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, Islamiyat sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ apá bí ẹni òtútù ń mú. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra. Bàbá rẹ̀ dúró lókèèrè díẹ̀. Epo ń rùn.

"Daddy, ẹ̀rù bà mí," ni ọmọ náà wí. "Mi ò lè rí nǹkan kan níwájú. Mo mọ̀ pé gbogbo yín ń dúró dè mí, mo mọ̀ pé wọ́n máa ní mo ba ètò jẹ́. I just turned. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n yí padà." Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Fàtáì mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń retí. Ó ti tó ọ̀rọ̀ náà jọ sẹ́nu tipẹ́: mo ti wí, fi í sílẹ̀, lọ wá iṣẹ́ orí ilẹ̀ ṣe. Ó wo ọwọ́ tí Islamiyat há abẹ́ apá. Látọdún wọ̀nyí wá ló ti ń rò pé àwọn tó ń wọ bàálù kò ní ẹ̀rù nínú, pé nǹkan kan ló dín lára òun. Ó rìn kọjá òórùn epo náà, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"O ṣe é dáadáa," ló wí. "Bí ẹ̀rù bá tún bà ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe."

Islamiyat bú sẹ́kún. Fàtáì jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n dúró sí yẹn, ó sọ ti oko ẹ̀gẹ́ fún òun àti ìyá rẹ̀. Kò sọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ó sọ pé aago ọwọ́ ni òun fi dá Mùhámmẹ́d mọ̀, aago náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Idiat fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n ń padà síbi mọ́tò, Fàtáì dúró.

"Islamiyat, ṣé o máa ń gba ìsinmi ní December?"

"Yes. Kí ló dé?"

"Ìyá mi ní Ìwó. Mo fẹ́ kó rí mi nígbà tó ṣì lè ríran." Ó wẹ̀yìn wo bàálù náà. "Ṣé wàá jókòó tì mí?"

Idiat ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó dúró, ó ń wò ó. Islamiyat nu imú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Window àbí aisle, Daddy?"

Fàtáì ro ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀.

"Àárín," ló wí. "Kí ìwọ wà lápá ọ̀tún, kí ìyá ẹ wà lápá òsì. Bí mo bá sì ní kí wọ́n dá bàálù dúró, kí ẹ̀yin méjèèjì má dá mi lóhùn."