Ẹni Kẹta Nínú Pàṣípààrọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tí Seon-ha ti ń ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: bí kò bá tún pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò yọ pàṣípààrọ̀ náà kúrò nínú eré wọn. Eré orí kọ̀ǹpútà ni, tí èèyàn ti ń ṣe alákòóso kíláàbù bọ́ọ̀lù àfigigbá. Ọdún mẹ́rin ni Seon-ha ti fi ń ṣẹ̀dá rẹ̀, pàṣípààrọ̀ yìí sì ni ẹyinjú rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Bí o bá kó agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí kò já mọ́ nǹkan kan fún kíláàbù tí kọ̀ǹpútà ń darí, yóò ro iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó pọ̀, yóò sì gbé àgbà ọ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí Seon-ha dín iye tí wọ́n tó kù, àwọn tó ń dán eré náà wò kó márùn-ún wá dípò mẹ́ta.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ relé ní ìlú Gunsan. Bàbá rẹ̀, Pyo Deok-man, tó fi ọdún mẹ́sàn-án hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń figi gbá a, ń bó ọ̀dùnkún sísun. Méjì nínú ìka rẹ̀ ti wọ́ bíi gbòǹgbò.

"O tún kó àwọn èrò inú àpótí rẹ dé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ń rẹ́ kọ̀ǹpútà mi jẹ ni."

"Ó gọ̀ ni. Ṣebí ìwọ lo tọ́ ọ."

Ó fi hàn án: mẹ́ta wọlé, ọ̀kan jáde. Bàbá gbé ọ̀dùnkún sílẹ̀.

"Ibo ni àwọn méjì tó lé yìí máa wà?"

"Nọ́ńbà ni wọ́n, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ṣé kíláàbù ò tíì kún ni?"

Seon-ha ṣí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kíláàbù náà wò. Ó ti kún. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń rọra lé àwọn tí kò ráyè, iye wọn tó ti kà sí èrè á sì di òfo.

"Mẹ́ta sí ọ̀kan ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ èmi náà," ni bàbá wí. "Èmi ni ẹni kẹta. Wọ́n ti rán orúkọ mi mọ́ aṣọ kíláàbù tuntun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní àyè ò sí. Mi ò wọ aṣọ yẹn rí."

Seon-ha kò mọ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé bàbá òun kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ó jókòó ti iṣẹ́ títí ọ̀dùnkún fi tutù. Kò fọwọ́ kan iye ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sínú eré náà pé kí kíláàbù kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí yóò jáde fún olúkúlùkù ẹni tó ń wọlé, kó yọ iye onítọ̀hún kúrò nínú èrè, kó tó dáhùn.

"Ẹ dán an wò, Bàbá."

Bàbá fi ìka wíwọ́ tẹ̀ ẹ́: mẹ́ta sí ọ̀kan. Èsì jáde: *A dúpẹ́, àmọ́ a ò láyè fún ẹni kẹta.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, Gunsan níbí ni mi ò bá ti máa gbá a lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá kó márùn-ún lọ, kọ̀ǹpútà kọ̀; ó kó méje lọ, ó tún kọ̀. Seon-ha pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Wọn ò yọ pàṣípààrọ̀ náà mọ́, Bàbá."

Bàbá bi í léèrè: "Ṣé wọ́n máa ń rán aṣọ fún wọn nínú eré yẹn?"

"Ó dìgbà tí àyè bá wà fún wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."