Fáìlì Tí Kò Tó Ọgọ́rùn-ún Kílóbáìtì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa bẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń bẹ̀ mí, ńṣe ni inú mi máa ń ru sí i. Àbúrò mi Adéòkè mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Èmi Bámiṣayé ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja níbí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ gba olùkọ́ tuntun, Adéòkè gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi nílé ní Lokongoma, ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni tó lọ ra ata.

"Ókun o, bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwé yìí ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, ó tán. Oṣù Kejìlá ni tèmi máa pé. Èyí ni ìkẹyìn mi."

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Gadumo, níbi tí ẹni tó ni ilé ìwé ti ń san owó oṣù nígbà tó bá wù ú. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo bi í pé ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Kpata ni, àbí èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ló bá kúnlẹ̀. Mo gba ọ̀rá náà kó lè dìde kúrò níwájú mi.

Ṣùgbọ́n tí mo bá máa ṣiṣẹ́, mo máa ń ṣe é kó mọ́. Mo ya àwòrán àwọn ìwé náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ di fáìlì kan. Mo mọ pọ́tà wa, ìyẹn ojú ìkànnì tí ìwé ń gbà wọlé: tí fáìlì bá ti wúwo, àárín ọ̀nà ló máa ń já. Mo wá fún fáìlì náà títí ó fi kéré, láti mẹ́gábáìtì mẹ́rin dé kílóbáìtì méjìlélọ́gọ́ta, kò sì sí lẹ́tà kan tí kò ṣeé kà nínú rẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Adéòkè dúpẹ́ títí ó fi sú mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ti pọ́tà. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì ènìyàn ló fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀gá wa, Alàgbà Òkunọlá, ní àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò lè ka ju ìdajì lọ, kí n bá àwọn yọ àwọn tí ìwé wọn kò pé kúrò. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, kí n mú orúkọ àwọn tó kù wá. Àwọn kan ní kí a pín in kà. Kà kẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́:

find . -type f -size -100k | wc -l

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ wá gbogbo fáìlì tí kò tó ọgọ́rùn-ún kílóbáìtì, kó sì ka iye wọn fún mi. Ó ka ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ó lé díẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Fáìlì tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwé inú rẹ̀ kò pé ni, àbí kí ni?

Fẹ́yìsetán, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dúró lẹ́yìn mi. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ wọn jáde ká wò ó, kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́. Ká ṣí mẹ́wàá péré."

"Wá lọ jókòó, jàre."

"Ẹlòmíràn lè fún fáìlì tirẹ̀ kéré kó lè tètè wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. "Ta ni? Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe ní Lọ́kọ́ja yìí yàtọ̀ sí èmi?"

Mo yọ apá tó ń ka iye wọn kúrò, mo fi -delete sí ìdí àṣẹ yẹn, mo tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí àṣẹ yẹn bá pa kì í lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí ènìyàn ti lè ṣà á padà. Ó lọ nìyẹn. Sáfà wa, ẹ̀rọ tí gbogbo fáìlì náà wà, ò sì ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ènìyàn, kí n tó sín tán.

Mo wá ní kí n wo nọ́ńbà tí Adéòkè wà, kí n lè fi ṣe fáàrí fún un. Mo wá orúkọ rẹ̀, kò sí. Mo tún un wá. Ìgbà yẹn ni kílóbáìtì méjìlélọ́gọ́ta tí mo fún fáìlì rẹ̀ dé sọ sí mi lọ́kàn.

Fẹ́yìsetán rí ojú mi, ó sì ka orúkọ tí mo ń wá. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣé fáìlì rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ẹ kò tíì fún kéré, kò sí lọ́wọ́ yín ni? Ọjọ́ Ẹtì la ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká sọ fún Alàgbà pé àṣìṣe ni, kí wọ́n ṣí pọ́tà padà, kí gbogbo wọn tún fi ránṣẹ́."

Ó wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú lápútọ́ọ̀pù mi nílé, odindi mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí n lọ dúró níwájú Òkunọlá kí n ní mo ṣi iṣẹ́ ṣe? Èmi? Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ gbé mi ga?

"Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi," ni mo sọ. "Tí o bá sì lanu sọ̀rọ̀, ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì yẹn."

Ó ń sunkún jáde. Mo dé ilé, mo pa èyí tó wà nínú lápútọ́ọ̀pù náà rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí.

Lọ́jọ́ tí orúkọ jáde, Adéòkè wá. Ó ti ra ẹja gbígbẹ ní Kpata kó tó lọ wo orúkọ, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé e lé orí tábìlì.

"Bọ̀dá mi, mi ò rí orúkọ mi."

Mo ní, "Wọ́n ka ìwé rẹ. Kò dára tó. Ojú tì mí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi."

Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Ẹ má bínú, bọ̀dá mi. Ẹ dárí jì mí."

Mo ní mo ti dárí jì í.