Ìkòkò Tó Ń Bọ́ Làtífátù

“Sọ̀kalẹ̀, kí o tún gùn ún,” Nọ́ọ̀sì Harriet wí.

Làtífátù sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó fa aṣọ iléèwé rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tún gùn ún. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú òṣùwọ̀n náà pẹ́. Àlímátù, ìyá ọmọ náà, fẹ̀yìn ti ògiri. Aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì bí aláró ṣe ń wo ojú sánmà kó tó sá aṣọ.

“Ó tún lé sí i, Ìyá Làtí,” nọ́ọ̀sì sọ níkẹyìn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Làtífátù. Ọjọ́ kan ni èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí àtẹ̀gùn iléèwé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ga bíi ti àgbàlagbà. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn kan ní Ìbarà ti fi í sínú ètò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tó sanra ju ọjọ́ orí wọn lọ, tí Nọ́ọ̀sì Harriet sì ń wá sí agbo ilé wọn ní Igbein lóṣooṣù. Kì í ṣe ọmọ nìkan ló ń wọ̀n. Ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, bí ọmọ ṣe ń ṣeré, bó ṣe ń sùn, àti bí ọkàn tọmọ-tìyá ṣe rí. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí ìfúnpá náà kò bá wálẹ̀, oògùn ló kù.

“Kí ló jẹ lánàá?”

“Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Ìrẹsì díẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀wà lálẹ́. Kò sí dòdò.”

“Mínírà ńkọ́?”

“Kò wọ yàrá mi mọ́.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. “Mi ò wá bá yín jà, Ìyá Làtí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹ kà yìí kò lè gbé ọmọ dé ibi tó wà. Bí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Àlímátù wọra. “Bí mo bá purọ́ fún yín, kí aṣọ mi má mu aró mọ́ láyé.”

Aláró tó bá fi aró búra kò ṣeré. Òótọ́ ló sì ń sọ. Ó yẹ ká kí obìnrin yìí. Nítorí kí ọmọ má baà rí mínírà, òun náà ti jáwọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró nínú oòrùn ọ̀sán ló mọ ohun tó fi sílẹ̀. Kì í gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ìtòkú mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ ni òun àti ọmọ fi ń rìn ín, wọ́n á ru aṣọ, wọ́n á máa sọ̀tàn. Waheed ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Wásinmi, kò gbọdọ̀ ra búrẹ́dì wálé mọ́. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kò gbà.

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń sùn?” nọ́ọ̀sì béèrè.

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í bẹ́ẹ̀. Àlímátù mi orí.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ. “Làtífátù, ìgbà wo ni inú rẹ máa ń dùn jù nílé yìí?”

“Tí wọ́n bá ń pè mí ní Àjọkẹ́.”

“Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ìyá Àgbà. Ìyá Tósìn. Bàbá Àjàlá oníṣọ́ọ̀bù náà. Níléèwé, Òróbó ni wọ́n ń pè mí.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa ń pè ọ́ ní Àjọkẹ́?”

Làtífátù wo ilẹ̀. “Tí wọ́n bá fẹ́ fún mi lóúnjẹ.”

Àlímátù kúrò lára ògiri. “Lánàá ńkọ́?”

“Bàbá Àjàlá fún mi ní mínírà àti búrẹ́dì. Ìyá Tósìn fún mi ní àkàrà. Ìyá Àgbà bu láfún fún mi, wọ́n fi ẹran méjì sí i.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, Màámi. Ẹ̀yin lẹ sì ní mi ò gbọdọ̀ kọ oúnjẹ àgbà.”

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wí. Ibi tí àṣìṣe wọn wà nìyẹn. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé yìí, ìwò náà kì í ṣe ti ojú nìkan. Gbogbo ìkòkò ló ń bá wọn wò ó. Àlímátù mọ ìkòkò tirẹ̀, òótọ́ ìkòkò tirẹ̀ ló sì ń sọ.

Nọ́ọ̀sì Harriet rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ló ń rín. “Èmi náà jẹ̀bi. Ìyá nìkan ni mò ń bi láti ọjọ́ yìí, agbo ilé ló ń bọ́ ọmọ. Ẹ má bínú sí mi. Ṣé kí n bá yín sọ fún wọn?”

“Rárá o,” Àlímátù dáhùn. “Bí àlejò bá sọ ọ́, wọn á ní mo lọ fẹjọ́ ilé sùn níta. Èmi ni mo máa sọ ọ́.”

Ẹnu dùn ún sọ. Ìyàwó kan ti sọ irú rẹ̀ rí nínú agbo ilé yìí, pé kí ìyá ọkọ òun yé fún ọmọ òun lóúnjẹ. Ohun tí etí gbogbo ilé gbọ́ ni pé ó pe ìyá náà ní àjẹ́. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀. Ìyá Àgbà ló sì kọ́ Àlímátù níṣẹ́ aró. Òun ló gbé Làtífátù pọ̀n kí ìdodo rẹ̀ tó jábọ́. Ẹ̀rù ba Àlímátù gidi.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó fọ ọwọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Ìyá Tósìn, alákàrà tó ń gbé yàrá iwájú, ń bó ẹ̀wà.

“Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.”

“Kí lo ṣe?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Lórí oúnjẹ Làtífátù ni.”

Ọwọ́ Ìyá Tósìn dúró nínú omi ẹ̀wà.

“Kí ló ṣe oúnjẹ?” Ohùn Ìyá Àgbà ti yí padà.

“Ìfúnpá rẹ̀ ti ga bíi tiyín, Màmá. Oògùn tí ẹ ń lò láràárọ̀ yẹn, irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fún un.”

“Ọmọ ọdún mẹ́wàá?”

“Ọmọ ọdún mẹ́wàá, Màmá. Mi ò ní kí ẹ má kẹ́ ẹ. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yín ti ṣe fún mi. Èmi ni mo ní kó má kọ oúnjẹ àgbà, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ló ń wá wá. Òróbó ni wọ́n ń pè é níléèwé. Ibi tí ẹ bá ti gbé abọ́ dání nìkan ló ti ń jẹ́ Àjọkẹ́.”

“Ìyá Làtí, ṣé àkàrà mi lo wá ń—” Ìyá Tósìn bẹ̀rẹ̀.

“Dákẹ́ ná, Ìyá Tósìn.” Ìyá Àgbà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. “Ọmọ méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó bí ọkọ rẹ. Wọ́n gbẹ kí wọ́n tó kú. Bí mo bá ti rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí kún, ọkàn mi á balẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀.” Ó gbójú sókè. “Dìde. Mo ti gbọ́.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlímátù dìde, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dá òun láre tàbí wọ́n ti lé òun. Kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ti aṣọ bọ aró nígbà tó gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

“Àjọkẹ́ o!”

Ó fi aṣọ sílẹ̀ nínú aró, ó yíjú. Làtífátù ti sáré kọjá. Ó dúró níwájú ìyá bàbá rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá.

“Kí lò ń wá?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Ẹ pè mí.”

“Mo pè ọ́. Ṣé orúkọ rẹ kọ́ ni? Àjọkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí.” Òfìfo ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbé ọ̀kan lé ọmọ náà léjìká. “Sìn mí dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àjàlá. Ọ̀rọ̀ mínírà yẹn, èmi ni mo máa bá a sọ ọ́. Ìyẹn bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi débẹ̀.”

Wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé iwájú iná Ìyá Tósìn, obìnrin náà na ọwọ́ sí bébà tó fi ń di àkàrà. Ó wo Ìyá Àgbà, ó sì fi bébà náà sílẹ̀.

“Àjọkẹ́,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò tíì gbà tán, “ẹ máa rọra rìn o.”

Àlímátù dúró ti aró. Omijé lé sójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ aró nù ún. Èrò kan wá sí i lọ́kàn tó dùn ún: òun ìyá kì í pe ọmọ náà ní Àjọkẹ́. Làtí ni òun ń pè é, Làtífátù sì ni bí òun bá fẹ́ bá a wí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n sì ti dé, ìbáwí ló pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n padà, ọmọ náà ń mí gúlegúle, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Àjọkẹ́,” Àlímátù pè é.

Làtífátù dúró. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, aró nìkan ló wà níbẹ̀.

“Màámi?”

“Mo kàn pè ọ́ ni. Máa bọ̀.”

Ó sì wá.